Mo Ní Kí Telọ Má Ta Ilé Rẹ̀, Mo sì Lọ Gba Oníbàárà Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán. Ẹ ó ráyè bú mi lẹ́yìn náà, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ọkọ mi ti bú mi. Àwọn ọmọ mi ti wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Mékáníìkì kan tí kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ti fi mí ṣẹ̀sín títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín in, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí, ẹ má rò pé kò dùn mí.

Onídìrí ni mí. Orílẹ̀-èdè tí a ń gbé kì í ṣe tiwa. Ìgbà tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì ni a dé ibẹ̀. Ọkọ mi rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gíláàsì, èmi náà ṣí ìsọ̀ ìdìrí. Owó ń wọlé, gbogbo ènìyàn ń ra ilé, àwa náà rà.

Àmọ́ a kò dá rà á. Ilé méjì tó lẹ̀ mọ́ra ni, ògiri kan ṣoṣo ló pín wọn. Àwa ra apá ọ̀tún, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ telọ ra apá òsì. Ọmọ ilẹ̀ wa ni òun náà. Ó jù mí lọ dáadáa, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní yunifásítì nílùú mìíràn. Àǹtí mi ni mo ń pè é.

Ní ọdún àkọ́kọ́, à ń wọ kóòtù ká tó lè lọ kí ara wa, à ń gba ìta wọ ilé ara wa bí àlejò. Ó sú Àǹtí mi. Ó ní, "Onídìrí, kí ló dé tá ò kúkú lu ògiri yìí?"

A pe bíríkìlà. Ó lu ògiri, ó gbé ilẹ̀kùn sí i, pálọ̀ wọn bá di pálọ̀ wa. Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì a jẹun tán lọ́dọ̀ wa, wọn a lọ sùn lọ́dọ̀ telọ. Mékáníìkì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wá wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ti fọwọ́ ara yín la ògiri lẹ́nu o." A fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Ilé iṣẹ́ gíláàsì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ìsọ̀ tó wà ní ìkóríta ń pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná di àlejò, ó ń wá, ó ń lọ, kì í sì í dágbére. Pátákó tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn fẹ́ ta ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú pópó wa, títí tí pátákó fi pọ̀ ju igi lọ. Bí pátákó ṣe ń pọ̀ sí i ni iye owó ilé ń wálẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjíròrò ọjọ́ Ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ ilẹ̀ kan náà tí a wà ládùúgbò yẹn a kóra jọ sí pálọ̀ méjèèjì, a ó ṣí ilẹ̀kùn àárín gbagada, a ó gbé tíì, ariwo á sì sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ká ta ilé ká máa lọ ni, àbí ká dúró kí nǹkan padà bọ̀ sípò?

Mékáníìkì ni olórí àwọn tó ní ká máa lọ. Ó-ti-parí ni a sọ ọ́, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ti jókòó.

"Ó ti parí," ó ní. "Ilé tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ yẹn, owó tí wọ́n tà á ò tó owó ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ kó máa sá."

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òpin òpópó a dá a lóhùn. "Kí ìwọ náà wá sá ká rí i. Lọ́dún tó kọjá lo tún ilé ìdáná ẹ ṣe. Ẹni tó ń sá kì í lẹ táìsì tuntun."

Èmi ni olórí àwọn tó ní ká dúró. Ẹnu mi sì dùn. "Ilé kì í ṣe tòmátì tó máa rà," màá wí. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọrọ̀ ajé tó ṣubú á dìde."

"Ta ló máa gbé e dìde?" Ó-ti-parí á bi mí. "Ìwọ àti kóòmù ẹ?"

A ó rẹ́rìn-ín, a ó tún tíì bù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gba ohun tí mò ń sọ gbọ́ nígbà yẹn. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò ọkọ mi pè wá lórí fóònù láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó ti dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, ẹni tó fọkàn tán ló ń wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè máa bọ̀ o, kí n má baà gba ẹlòmíì."

Ọkọ mi tó ti ń jókòó sílé látìgbà tí ilé iṣẹ́ gíláàsì ti pa, ojú rẹ̀ tàn bí ti ọmọdé. Mo wò ó, ọkàn mi sì yí padà. Gbogbo "ká dúró, ká dúró" tí mò ń pariwo lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé e jù sẹ́yìn. A ó ta ilé, a ó lọ. Ta ni yóò wá rà á nínú gbogbo pátákó yẹn? Ìyẹn ni a kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Àǹtí mi gba ẹnu ilẹ̀kùn àárín wọlé, tí ó ká aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ sí èjìká. Ó jókòó tì mí.

"Onídìrí, mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé mi."

"Ta ni?"

"Dókítà eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìwòsàn sí ìkóríta. Ó gbé kóòtù wá kí n bá òun dín in kù, a bá ara wa sọ̀rọ̀. Òpópó yìí gan-an ló fẹ́. Ó ní ilé mi wu òun."

"Ẹ̀yin náà sì fẹ́ lọ?"

"Màmá mi ni. Ojú wọn òsì ti lọ pátápátá. Ọ̀tún ló kù, dókítà wọn nílé sì ní ìyẹn náà ti ń lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi kí ilẹ̀ tó ṣú sí wọn lójú. Mi ò fẹ́ jẹ́ ohùn lásán fún wọn."

"Ẹ ò lè kọ́kọ́ lọ kí wọn, kẹ́ ẹ padà wá?"

"Pẹ̀lú kí ni? Gbogbo ohun tí mo ní wà nínú ògiri yìí." Ó fọwọ́ gbá a. "Kí lo rí sí i? Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ ilé."

Èmi. Èmi tí mò ń dirun jẹun, tí mi ò mọ̀ ju ariwo ọjọ́ Ìsinmi lọ. Ó ti gbọ́ ariwo mi títí, ó gbà pé ọgbọ́n ni.

Ẹ gbọ́ bí ọkàn mi ṣe bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, dókítà kan ṣoṣo ló wà. Bó bá ra apá òsì, ta ni yóò ra apá ọ̀tún? Ó ní, ìwọ lọ́mọ méjì, òun ò ní ọmọ kékeré nílé. Ó ní, màmá rẹ̀ ti dàgbà, yálà ó rí i tàbí kò rí i, inú rẹ̀ á ṣáà dùn. Ọkàn ènìyàn mọ ẹjọ́ rò bí lọ́yà nígbà tó bá ń wá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Àǹtí mi," mo ní, "ẹ má tíì tà á. Ẹnìkan tí mo dirun fún sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ń bọ̀ wá gba ilé iṣẹ́ gíláàsì. Tí wọ́n bá ṣí i, iye owó ilé máa fò sókè. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Màmá ò ní fọ́jú lọ́la."

Kò sí ẹni tí mo dirun fún tó sọ nǹkan kan. Èmi ni mo dá a sọ lójú ẹsẹ̀, ó sì dùn létí èmi náà. Àmọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mi ò lè gbàgbé títí mo fi máa kú.

Àǹtí mi mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ó dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, ó ti sọ fún dókítà pé òun ò tà mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wa. "Onídìrí ní kí n dúró."

Ó-ti-parí gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀. "Ilé iṣẹ́ wo ló ń bọ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnìkan tí mo dirun fún ni," mo ní.

"Ẹni náà lórúkọ?"

"Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, mo sì bọ́. Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo inú tíì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Kò dùn mí rárá ní ti gidi, àmọ́ mo gbé e lọ fún dókítà. Obìnrin náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ènìyàn. Ó tan iná sí mi lẹ́nu, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Eyín yín dáa," ó ní.

"Mo ní kí n kàn rí i dájú ni." Mo dìde lórí àga. "Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ilé."

"Mo ti rí ọ̀kan, àmọ́ telọ tó ni ín ní òun ò tà mọ́."

"Tiwa wà nílẹ̀. Ilé kan náà ni, àmọ́ oòrùn àárọ̀ máa ń wọ tiwa."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó wá bi mí pé kí ló mú telọ yí ọkàn padà. Ǹ bá ti sọ pé mi ò mọ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ tún bẹ̀ ẹ́.

"Òrùlé ibẹ̀ ń jò," mo ní. "Ojú ń tì wọ́n láti sọ fún yín ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ."

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ọkọ mi pé mo ti rí oníbàárà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. "Telọ ńkọ́?"

"Telọ ní òun ò tà."

"Ta ló ní kó má tà?"

Mo kọjú sí àwo tí mò ń fọ̀. "Ìyàwó mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó ní. Ṣùgbọ́n kò ní kí n má ṣe é. Òórùn búrẹ́dì ti wọ òun náà nímú.

Dókítà wá wo ilé nígbà tí Àǹtí mi wà ní ìsọ̀ ìránṣọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wù ú àfi nǹkan kan. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn àárín, ó ní, "Èyí ńkọ́? Níbo ló lọ?"

"Pálọ̀ telọ ni."

"Mi ò lè máa gbé inú ilé tí ilẹ̀kùn pálọ̀ ẹlòmíì ṣí sí. Ẹ di í pa kí n tó san nǹkan kan."

Ó rọrùn, àbí? Ẹ pe bíríkìlà, kó di í. Àmọ́ kí ni mo máa sọ fún ẹni tó wà lódì kejì? A kì í dédé di ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rẹ́ lójú. Mo wá àwáwí.

Mo kọ́kọ́ lọ bá a pé afẹ́fẹ́ tútù ń gba ibẹ̀ wọlé, ọkọ mi ń wúkọ́, bóyá ká di í. Àǹtí mi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn." Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó ti rán kọ́tìnì kan fún wa, aṣọ tó nípọn, tó ní ìtẹ́nú méjì, tó fi òwú pupa ṣe ọnà sí létí. Ó fúnra rẹ̀ fi í kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ kankan ò lè kọjá níbẹ̀.

Mo ní ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kì í jẹ́ káwọn ọmọ kàwé. Ó ní, "Kí ló dé tó ò tètè sọ?" Ó gé fóòmù, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àfi kéèyàn fi etí lé ògiri kó tó lè gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní èkúté ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Ó lọ yá ológbò Nọ́ọ̀sì wá. Láti ọjọ́ náà, ológbò a máa lọ, a máa bọ̀ láàárín ilé méjèèjì bí alága àdúgbò.

Lẹ́yìn èyí ló wá bi mí, "Onídìrí, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Àǹtí mi."

"Tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ fún mi. Ìwọ nìkan ni mo ní níbí."

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ká ní obìnrin yẹn tiẹ̀ jẹ́ ẹni burúkú ni, iṣẹ́ mi ì bá rọrùn.

Dókítà ò lè dúró mọ́. Mo parọ́ fún un pé a ti di ilẹ̀kùn, pé ọ̀dà ló kù. Ó ní ó dáa, òun á mú ẹni tó máa ń yẹ ilé wò wá kí òun tó fọwọ́ sí ìwé. Mo fi ọjọ́ àti àkókò sí ìgbà tí Àǹtí mi máa wà ní ìsọ̀. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé, èmi àti ọkọ mi tú kọ́tìnì, a gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá dí ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ká kọ́tìnì náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wúwo lọ́wọ́ mi.

Ayẹléwò yẹn jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré lọ́wọ́. Kì í sọ̀rọ̀. Ó gun òkè, ó wo àjà, ó yí ẹ̀rọ omi wò, ó ń mi orí pé ó dáa. Bó bá ti mi orí, inú mi á dùn, mo ti ń rí ara mi nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù kan ògiri àárín, kó, kó, kó, ó gbé etí lé e.

"Ògiri ilé méjì nìyí," ó ní. "Mo gbọ́dọ̀ rí ẹ̀yìn rẹ̀ náà, kí n mọ̀ bóyá ó sán. Ta ló wà lódì kejì?"

Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Kò sẹ́nìkan nílé."

Ó tún gbé etí lé e. "Ẹnìkan ń ránṣọ níbẹ̀."

Èmi náà wá gbọ́ ọ, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Iná ti lọ ní ìsọ̀, Àǹtí mi ti kó iṣẹ́ wá sílé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fóòmù tí mo fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbà yẹn ni kò jẹ́ kí n tètè gbọ́.

"Rédíò ni," mo ní.

Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀kùn. Ó ní, "Míáù."

Dókítà wò mí. "Rédíò yẹn tún ní ológbò?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ayẹléwò gbé èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù, kò mì. Ọkọ mi tó ti jókòó sí kọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá dìde. Mo rò pé ó fẹ́ dá a dúró ni. Ó dúró tì í, ó bá a tì í. Bí kọ́bọ́ọ̀dù ṣe kúrò lójú ọ̀nà ni ọwọ́ ilẹ̀kùn yí, tí Àǹtí mi yọjú, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ pínnì méjì lẹ́nu.

Ó yọ pínnì lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ o. Dókítà! Ẹ bá kóòtù yín wá ni? Ó ku bọ́tìnì kan péré." Ó kọjú sí mi. "Onídìrí, o lálejò, o ò pè mí kí n wá gbé tíì kaná."

Dókítà na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà kò ní ibi lọ́kàn, ó kàn fẹ́ kẹ́dùn ni. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó dùn mí nípa ọ̀rọ̀ òrùlé yín."

"Òrùlé wo?"

"Èyí tó ń jò. Ọ̀rẹ́ yín sọ fún mi. Ká ní kò jò ni, tiyín náà ni ǹ bá rà, mi ò bá ti wá yọ wọ́n lẹ́nu lórí tiwọn."

Àǹtí mi gbójú sókè, ó wo àjà pálọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ó lè ti máa jò lóòótọ́ kí òun má mọ̀. Ó wo òòlù tó wà lọ́wọ́ Ayẹléwò. Ó wo ìwé tó wà lábẹ́ apá dókítà. Ó wo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti ṣí sílẹ̀, ó rí kọ́tìnì rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wá wo ojú mi. Mo rí ìgbà tó yé e.

"Onídìrí," ó ní, "ilé iṣẹ́ tó ń bọ̀ wá gba ti gíláàsì ńkọ́?"

Mo ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù pa.

"Ẹnìkan tó o dirun fún ló sọ fún ẹ, àbí?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú màmá mi fún ẹ. Orí àga yẹn ni mo jókòó sí tí mo sọ ọ́."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá pariwo padà, à bá jà, àwọn èèyàn á sì wá là wá. Ó kọjú sí Ayẹléwò, ó ní, "Ẹ máa bọ̀, ẹ wá wo ẹ̀yìn ògiri. Ẹ bá mi wo òrùlé náà."

Dókítà ló gbẹ̀yìn. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹnu ni mò ń wò lójoojúmọ́," ó ní. "Eyín yín dáa lóòótọ́. Àmọ́ mi ò lè bá ẹnu yín yìí dá òwò pọ̀." Ó tẹ̀ lé wọn gba ẹnu ilẹ̀kùn àárín kọjá. Èmi àti ọkọ mi àti ológbò la kù ní pálọ̀, ológbò náà sì tún padà tẹ̀ lé wọn.

Ilé Àǹtí mi ni dókítà rà. Àmọ́ ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Iye tí ó kọ́kọ́ dárúkọ ti wálẹ̀, nítorí wọ́n ti ta ilé mìíràn ní owó pọ́ọ́kú ládùúgbò láàárín ìgbà tí mo ní kó dúró. Ìwé ilẹ̀ yẹn sì máa ń rìn bí ìgbín. Yàtọ̀ sí gbogbo ọjọ́ tí mo ti fi dá a dúró, ó tún ní láti dúró de ìwé náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn, wọ́n kóra jọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àmọ́ pálọ̀ telọ ni gbogbo wọn wà. Mo gbé tíì kọjá sọ́hùn-ún pẹ̀lú ìtìjú. Ó-ti-parí fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè mí. "Onídìrí, àwọn èèyàn ń béèrè. Ká tà á ni, àbí ká dúró?" Ẹ̀rín pa wọ́n. Mo wo Àǹtí mi, mo rí i pé òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Kí Àǹtí mi tó kó jáde, dókítà ní kí bíríkìlà wá di ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ mi jókòó sílẹ̀, wọ́n ń wo bíríkì bó ṣe ń gòkè. Àkọ́bí mi ní, "Mọ́mì, ṣé nítorí afẹ́fẹ́ ni?" Ọkọ mi dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Rárá o. Aláǹgbá ni."

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Àǹtí mi máa lọ, mo gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ìta. Òun ni. Ó wọ kóòtù, ó gba ìta wọlé bí àlejò.

"Mo wá dirun," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí màmá mi rí mi ní wúruwùru."

Ó jókòó sórí àpótí níwájú mi. Ṣùkú ló ní kí n dì, bí màmá rẹ̀ ṣe máa ń dì í fún un lọ́mọdé. Mo ya á, mo fi òróró sí i, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mo rí, kì í ṣe ojú rẹ̀, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí. Ojúkòkòrò ló mú mi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì ṣe é."

Ó tẹrí ba díẹ̀ kí n lè rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

"Fà á dáadáa," ó ní, "kó má tètè tú. Ọ̀nà jìn."

Mo fà á dáadáa. Mi ò tíì dirun tó dáa tó ìyẹn rí láyé mi. Nígbà tí mo parí, ó fọwọ́ kàn án, ó dìde, ó gba ìta lọ.

A ṣì wà níbí. Àbúrò ọkọ mi ti gba ẹlòmíì. Pátákó tiwa wà níta pẹ̀lú tàwọn yòókù, òjò ń pa á. Ó-ti-parí ti kun ilé rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, ó ṣì ń sọ pé ó ti parí. Wọn kì í bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ilé mọ́, èmi náà kì í dá sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lájò, tí nǹkan ń le mọ́ yín lọ́wọ́, tí ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kù tí ènìyàn lè gbà jáde, ẹ má parọ́ fún ẹni tó wà níwájú yín pé ilẹ̀kùn náà ń bọ̀ wá fẹ̀ sí i. Ẹ ní kó máa lọ. Bó bá jáde tán, ẹ wá wo ohun tó kù fún yín.

Àǹtí mi pè mí lẹ́yìn tó délé. Mi ò retí rẹ̀. Mo ń di irun oníbàárà kan lọ́wọ́, mo fi èjìká gbé fóònù mọ́ etí.

"Mo ti dé," ó ní.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ara wọn le. Àmọ́ ojú ọ̀tún náà ti lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí n tó dé ni."

Ọwọ́ mi dúró nínú irun oníbàárà.

"Wọ́n fọwọ́ kàn mí lójú, wọ́n fọwọ́ kàn mí nímú. Wọ́n ní mo ti sanra." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí wọ́n kan irun mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ta ló di irun yìí, pé ọwọ́ onítọ̀hún mọ́."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni."

Mò ń gbọ́ ohùn ìyá arúgbó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ń béèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Mi ò sọ nǹkan míì fún wọn," ó ní, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.